Mọ́tò Tí Yóò Gbé Ìyá Àgbà Dé Soclogbo

Ọjọ́ Ẹtì, 1 oṣù Kẹjọ

Kàyé géọ́gíráfì mi nìyí, ìwé tí mo ń kọ iṣẹ́ sí ní kíláàsì kàtìríyẹ́ẹ̀mù. Mi ò kọ ìdajì rẹ̀ kí n tó fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ó sàn kí n kọ ìbànújẹ́ mi sí i ju kí Màmá fi dáná lọ.

Ìyá Àgbà kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ti wà ní mọ́ọ̀gì ilé ìwòsàn báyìí, nínú òtútù, òun tí kì í fẹ́ kí a ṣí fèrèsé tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Lónìí ni ẹbí jókòó. Bàbá Bienvenu, àbúrò Bàbá, ti Cotonou dé. Wọ́n fi ìsìnkú sí Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù, ní Soclogbo, nílé Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀. Ìyẹn ò fa ìjà. Ohun tí a ó fi gbé e lọ ló fa ìjà. Bàbá Bienvenu fẹ́ kí wọ́n gba àǹbúláǹsì, èyí tó ń ké wíí-wíí-wíí, tí iná orí rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Bàbá ní rárá. Ó ní nínú ilé wa, àkọ́bí ọkùnrin ló ń mú ìyá rẹ̀ wálé, wọn kì í fi í lé àlejò lọ́wọ́.

Bàbá Bienvenu ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Jó-n-jó lẹ fẹ́ fi gbé ìyá wa?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, títí kan àwọn tó ń sunkún. Jó-n-jó ni wọ́n ń pe mọ́tò Bàbá káàkiri Dassa, Peugeot ògbólógbòó tó fi ń kó èrò àti iṣu. Tó bá ti gun òkìtì kékeré kan, ìdí rẹ̀ á máa jó lọ, á máa jó bọ̀, títí á fi kan òkìtì mìíràn. Amọ́tísọ̀ ẹ̀yìn ló ti kú, àwọn ọ̀pá irin tó yẹ kó máa mú ìdí mọ́tò dúró jẹ́ẹ́. Iwájú ni Ìyá Àgbà máa ń jókòó, á di ìgbáròkó rẹ̀ mú, á ní, "Zéphirin, ìgbà wo lo máa tún nǹkan yìí ṣe?" Bàbá á ní lóṣù tó ń bọ̀. Ó pẹ́ tí oṣù yẹn ti ń bọ̀.

Bàbá ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á pààrọ̀ amọ́tísọ̀ méjèèjì, pé ìyá òun ò ní mì nínú mọ́tò òun mọ́. Bàbá Léonard tó jẹ́ olórí ẹbí wá dá a pé kí Bienvenu padà wá dán mọ́tò náà wò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìsìnkú. Bí ìdí rẹ̀ bá ṣì ń jó, àǹbúláǹsì ni.

Màmá ń wò mí pé kí n sọ ohun tó máa tu Bàbá nínú. Mo wo ilẹ̀. Àǹbúláǹsì ni mo fẹ́. Mo ti rí i lójú inú: èmi nínú aṣọ tuntun, Isabelle àti àwọn aprantí yòókù tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lẹ́bàá títì, wíí-wíí-wíí. Ìyá bàbá mi ló kú o, ohun tí mo ń rò nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 3 oṣù Kẹjọ

Òjò láti àárọ̀. A ò rí òkè kankan. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n dárúkọ Ìyá Àgbà, gbogbo èèyàn yíjú sí wa. Omijé ò jáde lójú mi. Mo fi itọ́ kan ojú.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù Kẹjọ

Ràsáàkì mẹkáníìkì ní kò sí àyè. Mọ́tò àwọn tó ń bọ̀ wá gbàdúrà ní Grotte, ihò àpáta Màríà Mímọ́, ti kún iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé ojú títì. Ó ní ká padà wá lóṣù Kẹsàn-án. Ó wo Jó-n-jó, ó wo Bàbá, ó ní kí Bàbá fi omi mímọ́ wọ́n ìdí rẹ̀ ná. Mùsùlùmí ni o, àmọ́ ó mọ ibi tí wọ́n ti ń bù ú.

Bàbá ní òun á ṣe é fúnra òun níwájú ilé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká ṣe é lẹ́yìn ilé. Ó ní orí àpáta ni ẹ̀yìn ilé, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, mọ́tò á yọ̀ lọ bá àwọn ará ìsàlẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ iwájú ilé wa, ojú títì ni, títì yẹn náà ni gbogbo àwọn ọmọ àtẹ́líyé wa ń gbà lọ sídìí maṣíìnì.

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù Kẹjọ

Bàbá lọ sí Bohicon, ó gbé amọ́tísọ̀ méjì bọ̀ nínú àpò ìrẹsì, pẹ̀lú bulọ́ọ̀nù tuntun tí a ó fi dè wọ́n mọ́ mọ́tò, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn. Ó tò wọ́n sórí tábìlì tí a ti ń jẹun. Màmá ní kó gbé wọn kúrò níbẹ̀. Kó tó gbé wọn, ó tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀ fún wa wò: ó wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àgbàlagbà tí kì í jẹ́ kí wọ́n kán òun lójú. Bàbá tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀.

Iṣu tuntun ti jáde àmọ́ ó wọ́n bí ẹran. Ti àná la jẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 oṣù Kẹjọ

Ó fi kíríìkì gbé ìdí mọ́tò sókè, ó ní kí n máa to òkúta sábẹ́ rẹ̀. Òkúta ò wọ́n wa ní Dassa. Èyí tí mo gbé wá ò jókòó dáadáa. Bàbá na ọwọ́ láti tún un tò, kíríìkì yẹ̀, irin tẹ ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ òkúta.

Kò pariwo. Ó kàn ní, "Dorothée, wá gbé òkúta yìí kúrò lára mi," bí ẹni ní kí n bu omi wá. Ojú rẹ̀ ti funfun.

Wọ́n ti rán ìka méjèèjì níléèwòsàn. Ọwọ́ rẹ̀ dà bí ẹ̀kọ tí wọ́n dì. Dókítà ní kò gbọdọ̀ fi gbé nǹkan kan títí ìsìnkú á fi kọjá.

Bàbá Bienvenu ti gbọ́. Ó pè lórí pọtáábù pé Ọlọ́run ti dá ẹjọ́ náà, kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ àǹbúláǹsì. Bàbá ní ọjọ́ tí wọ́n dá ò tíì pé. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi. Mo ti mọ̀ kó tó lanu.

Ọjọ́rú, 13 oṣù Kẹjọ

Lónìí mo dùbúlẹ̀ lábẹ́ mọ́tò bí ọkùnrin. Mo wọ sòkòtò Bàbá, mo fi okùn dì í. Pàtìróònù tó ń kọ́ wa ní aṣọ rírán fún mi láyè nítorí òkú. Ká ní ó mọ ohun tí mo ń fi àyè náà ṣe.

Bulọ́ọ̀nù àtijọ́ ti dípẹtà pátápátá. A da kẹrosín-ìn sí wọn lánàá, síbẹ̀ wọn ò mira. Bàbá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń sọ ohun tí màá ṣe: ki páìpù bọ ìdí kílé tó ń tú bulọ́ọ̀nù kó gùn, má fi apá fà á, fi ara rẹ tẹ̀ ẹ́. Mo fi ara mi tẹ̀ ẹ́. Mo bú u. Mo gun orí páìpù náà bí ẹni gun kẹ̀kẹ́. Ó dún *ké*, ó yí. Èmi àti Bàbá wo ara wa.

Amọ́tísọ̀ àtijọ́ tí mo yọ, ọwọ́ kan ni mo fi tì í wọlé, ọwọ́ kan ni mo fi fà á jáde. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀ rárá. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, ó tì í wọlé, ó fà á jáde. Ó ní, "Nǹkan tí Ìyá ń jókòó lé lórí nìyí." Ó wọlé lọ, kò tètè jáde.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Kẹjọ

Apá ń dùn mí. Èékánná mi dúdú. Mo fi kànhìnkànhìn ha á, kò lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 oṣù Kẹjọ

Mi ò mọ bí màá ṣe kọ èyí.

A ti di apá ọ̀tún tán. Lápá òsì, ó ku bulọ́ọ̀nù kan, ti ìsàlẹ̀. Bàbá ń lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n pààrọ̀ báńdéèjì rẹ̀. Ó ní, "Dì í títí kílé ò fi ní yí mọ́. Lẹ́yìn náà kó o gbé táyà sí i." Ó gun alùpùpù zémíjàn lọ. Mo wà lábẹ́ mọ́tò, mo fi ìka yí bulọ́ọ̀nù náà wọ ihò rẹ̀, mo ń fọwọ́ wá kílé nínú ẹrẹ̀, ni mo gbọ́ ohùn Isabelle lójú títì.

Ó ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀ tó yọ lábẹ́ Jó-n-jó. Mọ́tò yìí ti ń rọbí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín náà. Juvénal ni, tó ń fun fèrè nínú ẹgbẹ́ fàǹfáà. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn kàyé yìí, mo sì ti pa á rẹ́.

Wọn ò kọjá lọ. Wọ́n ń bọ̀ wá kí Màmá kú ìrọ́jú. Mo fi ẹ̀yìn wọ́ jáde lápá kejì bí alángbá, mo sáré gba ẹ̀yìn ilé, mo bomi sára, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí mo jáde sí wọn, ojú mi dán. Isabelle bi mí pé ta ló wà lábẹ́ mọ́tò lẹ́ẹ̀kan. Mo ní aprantí Ràsáàkì ni.

Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, Juvénal ń sọ pé Bàbá Bienvenu ti gba ẹgbẹ́ àwọn fún ìsìnkú náà. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ká ìka mi mọ́ abẹ́ aṣọ nítorí èékánná. Nígbà tí wọ́n lọ, mo sáré gbé táyà sí i kí Bàbá tó dé. Ìgbà tí mo di táyà tán ni mo rántí pé mi ò tíì fi kílé di bulọ́ọ̀nù ìsàlẹ̀. Mo ní kí n sinmi díẹ̀, màá padà sábẹ́ rẹ̀. Bàbá dé.

Ó ní, "O dì í dáadáa?"

Mo ní, "Mo ti dì í, Bàbá."

Ó ní kí n sọ mọ́tò kalẹ̀. Mo sọ ọ́ kalẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 17 oṣù Kẹjọ

Àwọn arìnrìn-àjò Grotte kún ìlú, orin ni láti òwúrọ̀. Mi ò lọ gba ara Olúwa. Mo ní inú ń run mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 oṣù Kẹjọ

Bàbá Bienvenu wá dán an wò lójú gbogbo ẹbí. Ó bọ́ kóòtù, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìdí mọ́tò mọ́lẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Ìdí mọ́tò gòkè lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó gòkè, ó dúró. Ó wọ inú rẹ̀, wọ́n wà á dé ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n padà wá. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gbọn ẹ̀yìn sòkòtò rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti borí."

Bàbá ní òun kọ́. Ó fi ọwọ́ tí wọ́n dì tọ́ka sí mi níwájú gbogbo wọn, pé ọmọbìnrin òun ló ṣe é. Bàbá Léonard fi ọwọ́ lé mi lórí. Àwọn ìyàwó ilé ń kí mi kú iṣẹ́. Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà yẹn. Ẹnu mi kún, bí ìgbà tí èèyàn jẹ iṣu gbígbóná tí kò ṣeé gbé mì, tí kò sì ṣeé tu.

Mo ń sọ fún ara mi pé bóyá ìka tí mo fi yí bulọ́ọ̀nù náà ti tó. Ó ṣáà lọ, ó sì bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 oṣù Kẹjọ

Àwọn àlejò ìsìnkú ń jókòó ti mọ́tò náà láti àárọ̀ di alẹ́, mi ò ráyè padà sábẹ́ rẹ̀. Lónìí mo jí kí àkùkọ tó kọ. Mo mú kílé, mo fi ìborùn bò ó, mo jáde. Ìkùukùu ti bo òkè, mi ò tètè rí i pé Bàbá ti jókòó sínú mọ́tò, níwájú, níbi tí Ìyá Àgbà máa ń jókòó sí.

Ó bi mí pé kí ni mò ń wá. Mo ní mò ń wá adìẹ kan.

Ó ní kí n wọlé jókòó. Mo jókòó sídìí sítíárìn, kílé wà lórí itan mi lábẹ́ ìborùn, ó tutù. Bàbá fi ọwọ́ òsì nu dígí iwájú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo purọ́ fún Ìyá lọ́pọ̀ ọdún lórí nǹkan yìí. Ìwọ lo yọ mí nínú ìtìjú. O ṣeun, ọmọ mi."

Bàbá ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi rí. Kò dúpẹ́ nígbà tí mo gba sẹ̀tìfíkéètì, kò sì bú mi nígbà tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ó wá dúpẹ́ lónìí. Mo ní kò tọ́pẹ́. Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ lóṣù yìí nìyẹn, kò sì mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 oṣù Kẹjọ

Láti àná ni mọ́tò ti ń kó àga àti ìkòkò lọ sí Soclogbo. Kò dún. Kò jó. Màá gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí.

Ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù Kẹjọ

A gbé Ìyá Àgbà jáde ní mọ́ọ̀gì láàárọ̀ àná. Wọ́n ti yọ àga ẹ̀yìn kúrò, pósí wọlé geere. Bàbá ló wa mọ́tò, ọwọ́ òsì ló fi di sítíárìn mú, èmi ló ń bá a yí jíà nígbà tó bá ní kí n yí i. Àwọn afunfèrè wà níwájú nínú báṣéè, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, Bàbá Bienvenu àti àwọn àgbà wà lẹ́yìn wa. Bàbá ń rìn bí ẹni gbé ẹyin. Ní gbogbo kòtò tí a bá kọjá, á wo pósí nínú dígí, á wò mí, á mi orí pé ó dáa.

Nígbà tí a fi títì ọ̀dà sílẹ̀, níbi tí omi òjò ti gé ọ̀nà Soclogbo, ìdí mọ́tò lọ sílẹ̀ lápá òsì. *Gbọ́ún.* Ó fò sókè. Mo gbọ́ bí pósí ṣe gbá ẹ̀gbẹ́ mọ́tò. Mo gbọ́ ọ.

Bàbá dúró. Kò wò mí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn táyà. Àwọn fèrè ṣì ń dún lọ níwájú, kí wọ́n tó mọ̀ pé a ò tẹ̀ lé wọn mọ́.

Bàbá Bienvenu ti gbé pọtáábù sétí, ó ń wá àǹbúláǹsì. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé pósí sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n lè rí abẹ́ mọ́tò. Bàbá Léonard gbé ọ̀pá rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó ní, "Òkú tó ti jáde kì í fara kan ilẹ̀ ọ̀nà. Ilé ló ń sọ̀ sí. Kò sì níí ti inú mọ́tò kan bọ́ sínú òmíràn bí ẹrù." Àwọn ọkùnrin kúrò lẹ́nu ọ̀nà náà. Gbogbo wọn ń wo Bàbá, Bàbá ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n dì.

Mo ní èmi ni màá ṣe é.

Mo wọ abẹ́ mọ́tò pẹ̀lú aṣọ funfun tí Pàtìróònù fúnra rẹ̀ rán. Ẹrẹ̀ tutù. Bulọ́ọ̀nù náà ti yọ, ó ku bí èékánná kan kó já bọ́, ẹsẹ̀ amọ́tísọ̀ ti kúrò láyè rẹ̀. Ihò ò bá ihò mu. Mo ní kí wọ́n gbé ìdí mọ́tò. Àwọn ọkùnrin kóra jọ sẹ́yìn, mo ń rí bàtà wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi. Mo ń pàṣẹ fún àwọn baba mi bí ẹni ń da ewúrẹ́: ẹ gbé e, ẹ rọra sọ ọ́, ẹ tún gbé e díẹ̀, ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Orí mi gan-an ni Ìyá Àgbà wà, pákó àti irin ló là wá láàárín. Bulọ́ọ̀nù wọlé. Mo dì í títí kílé ò fi yí mọ́, mo sì tún fi ara mi tẹ̀ ẹ́.

Bàbá na orí sábẹ́ mọ́tò. Ó ní kí n fi iná pọtáábù hàn án. Ó wo bulọ́ọ̀nù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, ọ̀dà orí rẹ̀ ti bó níbi tí kílé ti dì í mú, irin funfun yọ, ó tutù yọ̀yọ̀. Kò sí ọgbẹ́ àtijọ́ kankan lára rẹ̀ tó fi hàn pé kílé ti kàn án rí. Ó wo ti òkè tí mo ti fi kílé dì nígbà tí a kọ́kọ́ ṣe é, ọ̀dà tiẹ̀ náà ti bó, àmọ́ ó ti dípẹtà. Ó wo èyí, ó wo ìyẹn. Ó wá wò mí. Ó pẹ́ kó tó yọ orí rẹ̀ jáde.

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè. Ó sọ fún wọn pé, "Ọ̀nà ló tú u. Ọmọ mi ti dì í padà."

Wọ́n kí mi títí a fi dé Soclogbo. Àwọn obìnrin ń nu ẹrẹ̀ lára mi bí ẹni ń nu ọmọ tuntun. Níbi tí a ti ń pín omi, Juvénal dúró tì mí, fèrè rẹ̀ wà lábẹ́ apá, ẹrẹ̀ kún bàtà òun náà. Ó ní, "Aprantí Ràsáàkì, ẹ kú iṣẹ́." Mo ní kó jọ̀ọ́. Ó ní òun ti mọ sálúbàtà mi lábẹ́ mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, pé òun ń retí kí n sọ pé èmi ni, torí òun fẹ́ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo gbé omi fún un. Isabelle pè é, ó lọ.

A sin Ìyá Àgbà kí òjò tó dé.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá jókòó láàárín àwọn àgbà, ó gbé ọwọ́ tí wọ́n dì lé orúnkún. Mo ń gbé ìrẹsì lọ sí wọn. Ara rẹ̀ ti fúyẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àlejò kan láti Lèma bi í bóyá òótọ́ ni pé Jó-n-jó ló fi gbé ìyá rẹ̀ wá. Bàbá ní òótọ́ ni. Ó ní, "Láti Dassa dé ibí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyá mi mì."

Ọkùnrin náà ní ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bàbá ní ká dúpẹ́. Ó gba àwo lọ́wọ́ mi láìgbé ojú sókè.

Ẹ̀ẹ̀kan yẹn, tèmi ni.